Ìjì Lọ́nà Kétu

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Kánádà? Ṣé ara àwọn ọmọ le? O ní kí n ṣàlàyé fọ́tò òjò tí mo fi ránṣẹ́, pé ṣé lóòótọ́ ni mo yà á láti inú ọkọ̀ tó ń sáré. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo wa ọkọ̀ o! Àbúrò mi ló wà á, bó bá sì fọwọ́ kan fóònù pẹ́nrẹ́n, màá sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ibi téèyàn jókòó sí ló ṣe pàtàkì jù. Ìjì ńlá tiwa ní orílẹ̀-èdè Benin níbí máa ń ti ìlà-oòrùn wá, láti ọ̀nà Nàìjíríà. Tí o bá ń ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) gòkè lọ sí Kétu ní àríwá, ọwọ́ ọ̀tún ẹ ni Nàìjíríà wà, ọwọ́ ọ̀tún náà sì ni èrò iwájú ń jókòó. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tó o kọjú sí fèrèsé ọ̀tún yẹn, oòrùn á wà lẹ́yìn ẹ, á máa tàn sórí oko àgbàdo, nígbà tí ojú ọ̀run tó wà lókè oko náà ti dúdú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni mò ń wá. Bí òjò bá ṣú bo gbogbo ọ̀run tí oòrùn ò ríbi yọjú, mo máa ń gbé kámẹ́rà sínú àpò, kí n jẹ ẹ̀pà mi.

Láti Ìṣàkétẹ́ dé Ìpóbẹ̀, ọ̀pẹ pọ̀ létí títì, wọn ò jẹ́ kéèyàn ríran jìnnà. Lẹ́yìn Ìpóbẹ̀ lọ̀nà tó là: ilẹ̀ dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà, lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onígbólò, kí ilẹ̀ tó di pupa bá a ṣe ń sún mọ́ Kétu.

Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ó ń lọ tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá lajú fún 1/60 ìṣẹ́jú-àáyá, ọkọ̀ ti rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 37 kó tó dijú. Ní 1/1000, díẹ̀ ló fi ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. 1/1000 ni mò ń lò. Koríko etí títì á ṣì rí wúruwùru, àmọ́ mo fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbé kámẹ́rà sún mọ́ gíláàsì, má jẹ́ kó kàn án, kí gbígbọ̀n ọkọ̀ má bàa ràn án. Aṣọ dúdú ni kó o wọ̀, torí gíláàsì máa ń gbé àwòrán ẹni yọ bíi dígí. Tó bá jẹ́ àǹkárá olódòdó lo wọ̀, òdòdó ẹ̀ ló máa gba ojú ọ̀run kan nínú fọ́tò. Lórí fóònù, fọwọ́ tẹ ibi tó jìnnà, má tètè gbé e, kó má bàa máa wo ẹ̀kán òjò ara gíláàsì, kó o wá dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀.

O bi mí léèrè obìnrin tó wà ní igun fọ́tò. Kpayo, bẹntiróòlù inú ìgò tí wọ́n ń tà létí títì, ló ń tà. Ọkọ̀ wa dẹwọ́ níbi gegele tí wọ́n ṣe sójú títì lẹ́nu ọ̀nà abúlé, ìjì ti dé, eruku ti gbalẹ̀. Ó ń kó ìgò bẹntiróòlù sábẹ́ tábìlì ní méjì-méjì, ó sì fi eyín di gèlè ẹ̀ mú. Bí kì í bá ṣe gegele yẹn ni, wúruwùru lòun náà ì bá rí.

Lọ́dọ̀ yín, ìwọ̀-oòrùn nìjì sábà máa ń gbà wá, nítorí náà má ṣe bíi tèmi. Jẹ́ kó kọjá ná. Bó bá bọ́ sí ìlà-oòrùn ní ìrọ̀lẹ́, ìgbà yẹn ni oòrùn á tàn sí i. Kí Bàbá Ìbejì wa ọkọ̀, kẹ́ ẹ kọrí sí àríwá, kó o jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún. Fi èyí tó o bá yà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi fóònù kun ojú ọ̀run ní dúdú sí i o. Mo mọ̀ ẹ́!

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Àlàbí