Ẹ má ṣe sé èémí lábẹ́ òkun

Olóòtú àgbà,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ìwé yìí sí ojú ewé àwọn òǹkàwé, nítorí àwọn ọ̀dọ́ Èkó tó ń lọ ṣe fàájì ní Zanzibar àti ní etí Òkun Pupa ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí wọ́n ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n láti lọ wo òkìtì iyùn lábẹ́ omi, tó sì jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbójú lé láti ilé ni pé àwọn mọ̀wẹ̀.

Ọmọ awayanrìn ni mí, ní Ọ̀wọ́rọ̀nṣòkí. Bàbá mi a máa gba ara òpó igi sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀sà pẹ̀lú garawa irin. Yóò fa èémí kan sínú, yóò sé e, omi yóò sì pa dé lé e lórí. Àwa ọmọ inú ọkọ̀ a máa kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, títí garawa yóò fi yọ. Ẹni tó bá lè sé èémí pẹ́ jù ni ọ̀gá láàrin wọn. Nígbà tí èmi náà dé Zanzibar, tí olùkọ́ wá sọ fún wa pé a kò gbọdọ̀ sé èémí rárá, ẹ̀rín ló pa mí.

Àlàyé rẹ̀ ló pa ẹ̀rín náà mọ́ mi lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ tí bàbá mi fà sínú lókè, omi a tẹ̀ ẹ́ kéré. Bó bá gòkè, yóò padà sí bó ṣe wà, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní mítà 10 lábẹ́ òkun, ìfúnpá, ìyẹn agbára tí omi àti afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ara, ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tí sílíńdà ń fúnni níbẹ̀ sì ki tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sé èémí níbẹ̀ tó sáré gòkè, afẹ́fẹ́ yẹn yóò fẹ̀ di ìlọ́po méjì nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nítòsí ojú omi gan-an ló sì ti ń yára fẹ̀ jù, débi pé mítà méjì péré lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, àwọn àgbà kò purọ́.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ tó mítà mẹ́ta, etí bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí bí ẹni pé wọ́n ti ẹnu ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́. Ṣe ni èèyàn ń fún imú pọ̀ tí yóò sì rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí ìrora tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, aṣọ pupa ọrùn mi ṣókùnkùn, nítorí àwọ̀ pupa ni omi kọ́kọ́ ń gbé mì. Ẹranko ni iyùn, kì í ṣe òkúta. Èyí tó rí roboto bí orí kì í sábà dàgbà ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lọ́dún, ẹsẹ̀ aláìmọ̀kan kan sì lè fọ́ iṣẹ́ ogún ọdún. Iyùn gidi tí à ń fi sọ́rùn níbi ìgbéyàwó, eegun ìbátan rẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹrẹ̀ tí odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé wá kò jẹ́ kí omi mọ́ tó fún òkìtì iyùn.

Ohun tó bí mi nínú ni pé àwọn tó ṣètò ìrìnàjò náà fi ìmòòkùn sí òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn, ọkọ̀ òfúrufú sì di ìrọ̀lẹ́. Náítírójìn, èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, tó ti wọ ẹran ara lábẹ́ omi lè hó nínú ẹ̀jẹ̀ lókè òfúrufú bíi ìgò mínírà tí a ṣí lójijì. Ó kéré tán, wákàtí 12 ló yẹ kó kọjá lẹ́yìn ìmòòkùn kan, 18 bó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Owó ara mi ni mo fi yí tíkẹ́ẹ̀tì padà. Ẹ rántí Harrison Okene, tí ọkọ̀ ojú omi dojú dé mọ́ nínú òkun wa ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013: lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 60 ní bíi mítà 30, níbi tó ti ń mí afẹ́fẹ́ tó há sínú ọkọ̀ náà, wọn kò gbọdọ̀ fà á yọ tààrà, inú yàrá ìfúnpá ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, kí ara rẹ̀ lè rọra padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn tó ń ta ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ l'Ékòó kọ wákàtí wọ̀nyí sórí ìwé wọn, kí wọ́n sì bi oníbàárà léèrè nípa ikọ́ fée, àìsàn ọkàn àti oyún kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Awayanrìn,
Ọ̀wọ́rọ̀nṣòkí, Èkó.