Ẹ má fi nọ́ńbà inú dáṣíbọ́ọ̀dù pe awakọ̀ lólè

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o, òkun o láti Ìsánlú níbí. Ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí síta, torí àwa tá a ní píkọ́ọ̀pù akẹ́rù ní Kàbà, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀ pọ̀, ohun tí mo ṣe yìí, ẹlòmíì lè máa ṣe é lọ́wọ́ báyìí.

Gààrì àti iṣu ni mò ń kó lọ Lọ́kọ́jà. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni píkọ́ọ̀pù mi, ó máa ń kọ iye máìlì tó ń rìn lórí jálá epo kan síwájú awakọ̀, 19 ló sì máa ń kọ. Ọmọ mi bá mi ṣírò ẹ̀, ó ní jálá tiwọn ò tó lítà mẹ́rin, 3.785 ni, ó wá já sí bíi kìlómítà 8 lórí lítà kan. Lọ́sẹ̀ kan awakọ̀ mi rin kìlómítà 420 ó ní lítà 60 lòun rà, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn ń sọ pé lítà 52 ló yẹ kó jó, mo bá ní ó ti fa lítà 8 tà. Ẹ sì mọ iye tí epo ti dà látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní 2023. Inú bí mi, mo sọ ọ̀rọ̀ tó burú sí i, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta o. Kò bá mi jà, ó kàn ní "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

A jọ lọ. A rọ epo kún tánkì dé ẹnu, mo tẹ kìlómítà padà sí òdo fúnra mi, mo jókòó tì í lọ jókòó tì í bọ̀, a padà sílé epo yẹn kan náà, ẹ̀rọ kan náà, a tún rọ ọ́ kún dé ẹnu. Kìlómítà 7 lórí lítà kan, iye tí lítà 60 tí awakọ̀ mi sọ já sí gan-an. Mo ní bóyá ilé epo ló ń yọ́ wa jẹ, a tún ṣe é níbòmíì, 7 náà ni. Dáṣíbọ́ọ̀dù ṣì ń kọ 19 lójú mi!

Mo rò pé gosiló tìrélà sìmẹ́ǹtì ní Ọbájánà ló fà á, mẹkáníìkì mi ní rárá, brain box (kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀) ń ka ìyẹn mọ́ ọn. Ó ní ọkọ̀ ò wọn epo bí ẹni fi kóńgò wọn gààrì, bí nọ́súlù tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣí àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó padé ló ń kà, ó wá ń fi iye tí nọ́súlù tuntun máa ń tú jáde ṣírò, torí náà tí nọ́súlù bá ti gbó tó ń jò, epo yẹn ò sí nínú ìṣirò ẹ̀ rárá. Táyà náà ń bẹ níbẹ̀, torí yíyí táyà ni wọ́n fi ń ka kìlómítà, èyí tó ti jẹ tàbí tó kéré ju ti ilé iṣẹ́ lọ á máa kà ju ibi tẹ́ ẹ dé lọ. Ó ní ká fi máàpù fóònù yẹ̀ ẹ́ wò, tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nọ́súlù ni ìṣòro wa. Ó tún ní kì í ṣe tòkunbọ̀ nìkan, ọkọ̀ tuntun náà lè máa bu iye epo tó ń jó kù.

Mo ti lọ bẹ awakọ̀ mi nílé ẹ̀, níwájú ìyàwó ẹ̀. Ẹ̀yin olówó ọkọ̀, ẹ dákun, ẹ rọ epo kún dé ẹnu ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé kẹ́ ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, tẹ́ ẹ bá sì ti lé ẹnì kan torí nọ́ńbà yẹn, ẹ wá a lọ.

Èmi ni,
Ìyá oníṣòwò gààrì kan, Ìsánlú, Kogí.