Kí Wọ́n Tó Tún Gba Owó Mìíràn Lọ́wọ́ Wa

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 sọ pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju 800,000 náírà lọ kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ohun tí Àbújá yọ̀ǹda fún mẹ̀kúnnù, àwọn agbowó ojú ọ̀nà ti ń gbà á padà.

Ẹ wo ọkọ̀ tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìdànrè wá sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́: tíkẹ́ẹ̀tì pupa, tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ọ̀kan lórí èkejì lára gíláàsì iwájú, títí awakọ̀ yóò fi máa na ọrùn kí ó tó ríran. Awakọ̀ bu owó náà lé owó ẹrù, alájàpá bù ú lé orí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹni tó fẹ́ dín dòdò fún ọmọ rẹ̀ ló wá san gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1998 kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn agbowó orí ìjọba fúnra wọn, gbé ìdènà sójú títì láti gba owó.

Àwọn tó ní ìjọba ló mọ owó wa í ná yóò rán mi létí owó kòkó tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955. N kò jiyàn pé ẹ̀kọ́ náà ṣe wá láǹfààní. Ṣùgbọ́n ta ló bi àgbẹ̀ Oǹdó léèrè? Àjọ ìjọba tó ń ra kòkó ló ń dá iye tí yóò gbà, iye náà sì sábà máa ń kéré gan-an sí èyí tí wọ́n ń tà á lókè òkun, láìsí ibòmíràn tí àgbẹ̀ lè gbé kòkó rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tú àjọ náà ká ní 1986, tí àgbẹ̀ ń tà fún ẹni tó wù ú, owó tó ń dé ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè. (Òótọ́ ni pé kòkó tí kò gbẹ wọ ọjà púpọ̀ nígbà náà; àyẹ̀wò ni ìyẹn ń fẹ́, kì í ṣe àjọ.)

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ orúkọ owó kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbà, iye rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ṣe, sára ògiri ọjà. Èyí tí wọn kò bá lè sọ ohun tí wọ́n fi ṣe, kí wọ́n má gbà á mọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè Àró, Àkúrẹ́.