Gàrí Bàbá Kátíkíìsì

Ìjẹ̀bú-Igbó

Àjàní ọkọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí o ti padà sí Èkó lẹ́yìn ìkórè, n kò tíì gbóhùn rẹ. Mo mọ̀ pé ohun tí mo bá ọ wí lé lórí ló ṣì ń bí ọ nínú. Jẹ́ kí n kọ ọ́, torí bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, o máa já lu ọ̀rọ̀ mi.

Òtítọ́ lo sọ. Nínú kíláàsì Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Kátíkíìsì, olùkọ́ ìjọ wa, ní owó ni gbòǹgbò ohun búburú gbogbo, o dìde, o ní ìfẹ́ owó ni Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótíù. Mo ṣí Bíbélì mi nígbà tí mo délé: bẹ́ẹ̀ náà ló rí, 1 Tímótíù 6:10. Ṣùgbọ́n o kò jókòó lẹ́yìn ìyẹn. O tún bi Bàbá bóyá ó ti ka ibẹ̀ rí, àwọn ọmọdé sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ́ ọ ní ABD!

Mo bá ọ wí nílé, o ní, “Màmá, ẹ̀yin ò lè mọ èyí, ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì la ti ń kọ́ ọ.” Ìyẹn ló dùn mí jù. Ìwé Mẹ́fà ni mo kà lóòótọ́, n kò bá ọ jà sí i. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé o ti ń ṣa ẹni tí Ọlọ́run lè gbẹnu rẹ̀ bá ọ sọ̀rọ̀.

Ìwọ lo mọ̀wé, ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18. Apollo ará Alẹkisáńdíríà mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó mọ Ìwé Mímọ́, àmọ́ ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Ta ló kọ́ ọ ní ìyókù? Akuila àti Priskilla, tọkọtaya tó ń ṣe àgọ́ tà, oníṣẹ́ ọwọ́ bí èmi tí mò ń yan gàrí. Wọn kò dójú tì í nínú sínágọ́gù, ọ̀dọ̀ ara wọn ni wọ́n mú un lọ. Apollo ò sì bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti kàwé. Mo máa ń rò ó pé Priskilla gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ kó tó lanu. Ìyẹn ò sí nínú Bíbélì, má tún èyí ṣe fún mi o.

Èmi náà ti ṣa ẹni tó lè kọ́ mi rí, bíi tìrẹ. Nígbà tí bàbá rẹ gbé mi wá láti Ọ̀yọ́, mo gbà pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní gàrí yíyan. Ọmọbìnrin kan nínú agboolé, kò ju ọmọ ọdún 14 lọ, ní, “Ìyàwó wa, ẹ̀gẹ́ yín ò tíì kan. Ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ méjì sí i nínú àpò.” Ọkọ mi ni nínú ilé, síbẹ̀ ojú ọmọdé ni mo fi wò ó. Mo yan án bẹ́ẹ̀, mo gbé e lọ sọ́jà Òkè-Àjé. Àwọn ará Ìjẹ̀bú á bu díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n á wò mí, wọ́n á kọjá. Gàrí tí kò kan, ta ni yóò fomi tútù mu ún níbí? Mo rù ú padà wálé. Ọmọ yẹn náà ni mo lọ bẹ̀. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń to òkúta lé àpò, àti bí iná ṣe gbọ́dọ̀ rọra jó lábẹ́ agbada. Gàrí yẹn ló san owó ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì rẹ, Àjàní.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìkórè, Bàbá wọ jígí rẹ̀, ó ka ẹsẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìwọ lo tún òun ṣe, kí kíláàsì gbàdúrà fún ọ. Ẹni tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. N kò lè gbójú sókè.

Bí o bá dé ní Kérésìmesì, má tíì bọ́ bàtà. Kóńgò gàrí mẹ́rin wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ti Bàbá ni. Gbé e lọ fún un, jókòó sílẹ̀, kí o bi í ní ohun kan tí o kò mọ̀. Ìkòkórè rẹ á ti jinná kí o tó dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ