Lẹ́tà sí Ìṣọ̀lá: Kúlà Tí Yóò Wọ Kéèsì Tẹ́ẹ́rẹ́ Yẹn

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Ìṣọ̀lá ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ, ìyàwó, àtàwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Mo yà sọ́dọ̀ Bàbá rẹ lọ́jọ́ Àìkú, ara wọn le, wọ́n sì ti ń sọ fún gbogbo ará ilé pé kọ̀ǹpútà ń bọ̀ láti Leeds ní Oṣù Kejìlá. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí dáadáa, nítorí ẹ̀rọ tó máa ṣiṣẹ́ ní Leeds, tó tún máa ṣiṣẹ́ ní pálọ̀ Bàbá, ó ní bó ṣe yẹ ká yan kúlà rẹ̀, ìyẹn irin àti fáànù tó ń lé ooru kúrò nínú rẹ̀.

Mo rí àwòrán kéèsì tí o rà, àpótí tí gbogbo ẹ̀rọ náà máa wà nínú rẹ̀. Ó wù mí gan-an. Fractal Design Node 202 ti pẹ́ díẹ̀ lọ́jà, àmọ́ mìlímítà 82 péré ni sísanra rẹ̀, ó sì gba káàdì gíráfíìkì gidi. Wàhálà ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn tó ṣe é sọ pé kúlà CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kò gbọ́dọ̀ ga ju mìlímítà 56 lọ. Gbogbo kúlà tí àwọn èèyàn ń yìn fún ọ, fi wọ́n sílẹ̀. Hyper 212 ti Cooler Master ga tó nǹkan bí 159. NH-D15 ti Noctua jẹ́ 165. Kódà NH-L12S, tí Noctua dìídì ṣe fún kéèsì kékeré, 70 ni. Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo wọn ni IS-55 ti ID-Cooling. Fáànù rẹ̀ tóbi, mìlímítà 120, owó rẹ̀ kò sì gunni lára, ṣùgbọ́n 57 ni gíga rẹ̀. Mìlímítà kan ṣoṣo ló fi ré kọjá! Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé o lè fagídí pa ìdérí dé lé e, má gbọ́. Ìdérí á máa tẹ kúlà, kúlà á máa tẹ CPU, mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, á sì máa gba ìyà tí kò yẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Mo gba nọ́ńbà orí páálí gbọ́, àmọ́ mo máa ń fẹ́ fojú ara mi rí i. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Yọ wáyà iná kúrò. De mọ́dábọ́ọ̀dù sí àyè rẹ̀, kí CPU wà lórí rẹ̀ láìsí kúlà, kí o yọ asẹ́ eruku kúrò, kí o wá bo ìdérí. Mú igi tín-ín-rín kan, irú èyí tí wọ́n fi ń gún súyà ti tó, má lo irin rárá. Tì í bọ inú ihò atẹ́gùn tó wà lókè CPU, jẹ́jẹ́, títí yóò fi kan orí CPU. Má tẹ̀ ẹ́. Fi bíírò sàmì sára igi náà níbi tó ti bá òde ìdérí dọ́gba, fà á jáde, gbé e lé rúlà, kí o sì yọ ìnípọn ìdérí kúrò nínú iye tí o bá rí. Ṣe é lójú ihò mẹ́ta mẹ́rin tí ò jìnnà síra, kí o mú èyí tó kéré jù. Iye yẹn ni kí o gbé lọ sọ́jà.

Ó dáa. Èwo ló wá wọlé? Wraith Stealth, kúlà tó bá CPU rẹ, Ryzen 5 5600, wá nínú páálí jẹ́ 54, ó wọlé nìyẹn. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí o tún fẹ́ náwó. Wo ó dáadáa: ègé irin alumíníọ̀mù kan lásán ni, kò ní páìpù kankan. Nínú kéèsì gbàgede ó ń gbìyànjú. Nínú èyí tó há, fáànù rẹ̀ yóò máa pariwo kí ó tó lè lé ooru yẹn lọ, Bàbá ò sì ní gbọ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Páìpù bàbà inú kúlà ni kí o ṣọ́. Omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti dì mọ́ ibẹ̀. Ibi tó kan CPU máa ń gbóná, omi náà á di èéfín omi, á sáré lọ síbi tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà, á tutù níbẹ̀, á tún padà di omi, á sì gba ara páìpù padà wálé. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn, láìsí mọ́tò kankan tó ń tì í. AXP90-X47 ti Thermalright ní páìpù mẹ́rin bẹ́ẹ̀, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 47 pẹ̀lú fáànù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà, AXP90-X53, tó jẹ́ 53, irin rẹ̀ nípọn sí i. Ti Noctua tó kéré jù, NH-L9a-AM4, 37 ni.

X47 ni kí o rà. Mo ti ro X53 náà dáadáa. Irin rẹ̀ pọ̀ jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n mìlímítà mẹ́ta ló máa ṣẹ́kù láàárín fáànù àti ìdérí. Bí ewé fáànù tó ń yí bá sún mọ́ ihò atẹ́gùn tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín ihò wọ̀nyẹn wọlé máa ń ké fíí, ariwo kékeré tí kì í dákẹ́, tó sì máa ń sú èèyàn ju ariwo ńlá lọ. NH-L9a ní tirẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò sì sún mọ́ RAM (pátákó ìrántí kọ̀ǹpútà) rárá, àmọ́ irin rẹ̀ kéré fún CPU rẹ. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ìwé kíkà àti fíìmù nìkan lo fẹ́ ṣe ni, mi ò bá ní kí o mú un. Ìwọ fẹ́ kí àwọn ọmọ máa ta géèmù lórí rẹ̀.

Àlàfo mìlímítà mẹ́sàn-án tí X47 máa fi sílẹ̀ tún ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Bí o bá fi àlàfo yẹn sílẹ̀ báyẹn, fáànù á tún máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà, bí ẹni tó borí mọ́ inú kúbùsù tó ń mí èémí ara rẹ̀. Ra fóòmù alámọ́ra tí wọ́n fi ń dí etí fèrèsé àti ilẹ̀kùn nítorí òtútù. Kò lè ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ yín. Gé e, lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí yí ihò atẹ́gùn ká, kí ó ga ju àlàfo náà lọ díẹ̀, kí ó lè tẹ̀ mọ́ férémù fáànù bí o bá pa ìdérí dé. Etí férémù ni kí ó kàn o, kò gbọ́dọ̀ kan ewé fáànù tó ń yí. Afẹ́fẹ́ tútù òde nìkan ni fáànù máa wá rí fà.

RAM pẹlẹbẹ ni kí o lò, èyí tí kò ní iná àti irin gíga lórí, kí ó má baà dí kúlà lọ́wọ́. Bí Wraith Stealth bá ti wà lórí CPU tẹ́lẹ̀, tan ẹ̀rọ náà kí ó gbóná díẹ̀, pa á, yọ wáyà iná, tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, kí o wá yí kúlà náà sọ́tùn-ún sósì kí o tó gbé e. Bí o bá fà á sókè lójijì, thermal paste (ọ̀dà tó wà láàárín kúlà àti CPU) tó ti gan lè fa CPU tu mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wínníwínní yẹn á sì tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru Ìbàdàn ló kù. CPU rẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá dígírì 90. Tó bá débẹ̀, fúnra rẹ̀ ló máa dẹwọ́ iṣẹ́. Wò ó, bí yàrá rẹ ní Leeds bá jẹ́ 20, tí CPU ń gba 80 nígbà tí àwọn ọmọ ń ta géèmù, o lè rò pé kò sí ìyọnu. Gbé e dé pálọ̀ Bàbá ní Oṣù Kẹta, tí yàrá jẹ́ 32. Méjìlá tó fi ju tìrẹ lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ló máa gorí CPU. 92 nìyẹn. Nítorí náà, 75 ni kí o lépa ní Leeds. Bí o kò bá rí i, wọ inú BIOS, ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, kí o mú Eco Mode sí 45. Iná tí CPU lè fà á dínkù. Àwọn ọmọ lè má mọ̀ rárá pé o yí nǹkan kan.

Gbé ẹ̀rọ náà nàró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àyè bá wà, ó máa ń mí dáadáa bẹ́ẹ̀. Èmi máa kọ́ Bàbá bí a ṣe ń fọ asẹ́ eruku, torí o mọ ohun tí ọyẹ́ máa ń kó wọlé.

Fi igi yẹn wọ̀n ọ́n kí o tó sanwó, kí o fi nọ́ńbà tí o bá rí ránṣẹ́ sí mi. Bí kò bá tó 50, pè mí kí o tó ra ohunkóhun.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkàndé