Sí Àkànbí, ọmọ mi ní Bàrígà

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Èkó
Alẹ́ Jímọ́ọ̀

Àkànbí ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun? Àbẹ̀kẹ́ ni mo fi ìwé yìí rán sí ọ, kì í ṣe pé kò sí káàdì lórí fóònù mi. Mo pè, mo pè, ó ń dún, o kò gbé e. Mo fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo wá rántí pé ohùn orí fóònù kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tí a fi í rán sí. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, mi ò fẹ́ kó rìn. Bí o bá kà á tán, ká a kí o dá a padà fún Àbẹ̀kẹ́. Má ya fọ́tò rẹ̀.

Oṣù méjì rèé tí o kò ti tẹ ilé. Bàrígà sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó! Afárá kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti ìwọ. Owó oṣù tó kọjá kò dé, ti oṣù yìí náà ti ń lọ sópin. Kì í ṣe tìtorí owó ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ìsọ̀ àgbo mi ní Jánkárà ṣì ń bọ́ mi. Mo kàn sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé mo ń ka ọjọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ní, "Ìyá Àkànbí, ẹ wá wo ọmọ yín." Ìwọ ni lóòótọ́, pẹ̀lú jálábíà àwọ̀ eérú tí mo rán fún ọ nígbà Iléyá, o dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀rọ̀ òṣèlú ń tú jáde lẹ́nu rẹ. Mo jókòó sórí àpótí. Télọ̀ ní àwọn tó ti wò ó kò lóǹkà.

Apá àkọ́kọ́, orí ni mo ń mì. O ní láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ara kò tíì rọ mẹ̀kúnnù. O ní lítà epo tí kò tó 200 náírà ní Èkó fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. O ní 70,000 náírà tí wọ́n fi ṣe owó oṣù tó kéré jù ní 2024, kí ni ènìyàn fẹ́ fi rà nínú ọjà. Òótọ́ ni. Èmi tí mo ń kó egbò igi láti Ìjẹ̀bú mọ iye tí ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ mi. Ohun tó ń jẹ ìwọ gan-an níyà lo sọ, inú mi sì dùn, mo ní ọmọ mi lẹ́nu.

Àfi ìgbà tí o dárúkọ ọkùnrin yẹn. O ní olè ni. O ní o mọ iye tó kó, o sì ń ka á bí ẹni pé ìwọ lo bá a dì í sínú àpò. Àkànbí, níbo lo ti rí i? Ta ló fi ìwé rẹ̀ hàn ọ́? Àbí orí fóònù náà lo ti gbọ́ ọ, tí o wá gbé e lé orí ara rẹ? Ẹnu rẹ ni wọ́n rí, orúkọ bàbá rẹ ni wọ́n gbọ́, nítorí o sọ orúkọ rẹ ní pípé bí ẹni tó ń gba ìwé ẹ̀rí.

Mo bẹ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kan ilẹ̀kùn mi ní òru.

Mo gbọ́ lọ́ọ́yà kan lórí rédíò tó ń ṣàlàyé òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015. Ó ní ẹ̀ka 24 inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi mú àwọn tó bá sọ̀rọ̀, pé ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ló wà níbẹ̀, tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù 7, tàbí méjèèjì pọ̀. Ó ní wọ́n tún un ṣe ní 2024, pé ní báyìí ó di kí ènìyàn mọ̀ pé irọ́ ni ohun tí òun ń sọ, kó sì jẹ́ irọ́ tó lè da ìlú rú tàbí tó lè fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá kan ilẹ̀kùn ní aago méjì òru kì í gbé ìwé òfin dání. Kí lọ́ọ́yà tó dé, ilẹ̀ ti mọ́ bá ọ níbi tí ìyá rẹ kò mọ̀.

Àǹtí rẹ ti Súrùlérè ti bí, obìnrin ni. Páànù ilé ìdáná ń jò, abọ́ ni a ń gbé sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ omi àdúgbò ti bàjẹ́, ọwọ́ mẹ́rúwà ni a ti ń ra omi. Ológbò tí o gbé wá ti bímọ sínú àpótí aṣọ rẹ, mi ò jẹ́ kí wọ́n lé e.

Wọ́n tún sọ nǹkan kan fún mi. Wọ́n ní owó ni wọ́n ń fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ yìí, pé ìbò 2027 ni àwọn olóṣèlú ti ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mi ò gbà á gbọ́. Mo bá obìnrin tó sọ ọ́ jà lójú ọjà, ìborùn mi já bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí mo ro ti owó tí o kò fi ránṣẹ́, ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ pé ó ń gbà á ni, ìbá ti rántí mi. Wo ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú. Bí o bá ń gbà á, Àkànbí, má fi kọ́bọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Mo mọ ohun tí wàá sọ. O máa ń sọ pé mi ò mọ òṣèlú, ló ṣe ń bà mí lẹ́rù. Àdúgbò wo ni òṣèlú kọ́kọ́ fojú rẹ̀ rí màbo bí kò ṣe tiwa? Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn lu Èkó ní 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, àwọn baba ńlá wa ló bá a sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún 1862 ni wọ́n tó padà wá tẹ ibí dó, òun ló fi ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ibí yìí kan náà ni Abíọ́lá dúró sí ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1994, tó kéde pé òun ni Ààrẹ, nítorí ìbò June 12, 1993 tí Babangida fagi lé. Mo wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni mí. Èrò pọ̀ débi pé mi ò rí nǹkan kan, bùọ̀dá mi ló gbé mi sórí bẹ́ńṣì oníbúrẹ́dì kí n lè fi ojú mi rí i. Mo ké títí ohùn mi fi há.

Bùọ̀dá mi yẹn, bàbá tó kọ́ ọ ní a, b, d ni. O mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń tún rédíò ṣe. O kò mọ̀ pé òun ló mọ̀wé kọ jù nínú ilé wa. Nígbà tí wọ́n gbé Abíọ́lá lọ lóṣù yẹn náà, bùọ̀dá ń fi ọwọ́ kọ ìwé, ó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dé Láfíàjì. Èmi ni mo ń po ẹ̀kọ tó fi ń lẹ̀ ẹ́.

Òru ni wọ́n wá. Ọkùnrin mẹ́rin. Ìyá wa ti sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lanu. Èmi ni mo sún mọ́ ilẹ̀kùn, èmi ni mo ṣí i. Ọ̀kan nínú wọn rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí ọmọdé, ó ní, "Àbúrò, ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?" Mi ò dá a lóhùn. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, mi ò la ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ojú mi lọ sókè, ó lọ sí òkè àjà, ọkùnrin yẹn sì tẹ̀lé ojú mi.

Àkànbí, mi ò sọ èyí fún bàbá rẹ kó tó kú. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni a kò fi mọ ibi tó wà. Nígbà tó dé, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Kò bá mi wí, kò sì fún mi láyè kí n tọrọ àforíjì, nítorí bí mo bá ti sún mọ́ ọn, á ní kí n lọ bu omi wá. Kò kọ nǹkan kan mọ́ láyé rẹ̀. Bí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò tó ń tún ṣe, á pa á. Ọjọ́ 7 oṣù keje 1998 tí wọ́n ní Abíọ́lá ti kú, gbogbo òpópónà wa ń sunkún, bùọ̀dá kó aṣọ rẹ̀ jáde, ó ń fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ dalẹ́. Àwọn èyí tó mọ́ náà, ó fọ̀ wọ́n.

Nígbà yẹn, inú mi dùn pé ó dákẹ́. Mo ní ẹni tó dákẹ́ ṣì wà láyé. Ohun tí mo fẹ́ kọ sí ọ lálẹ́ yìí náà nìyẹn tẹ́lẹ̀: dákẹ́, ọmọ mi, kí o lè wà láyé. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé kan, mo ya á.

Nítorí apá tó kẹ́yìn nínú fídíò rẹ ni. Lẹ́yìn tí o bú ọkùnrin yẹn tán, o yí sí àwọn Íbò. O ní kí wọ́n padà sí ìlú wọn kí wọ́n lọ dìbò níbẹ̀. O tún rẹ́rìn-ín sí i. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kó pa á, ó ní ó ku díẹ̀, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ǹjẹ́ o rántí Mama Nkechi? Lóru tí mo bí ọ, òjò ń rọ̀, bàbá rẹ wà ní Kàdúná. Òun ló fi ọwọ́ rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró, òun ló san owó tí wọ́n gbà kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, ó wọ bùbá àti ìró, ó ń rìn kiri bí ìyá ọmọ.

Nígbà tí èsì ìbò Ààrẹ ti February 25, 2023 jáde, tí Peter Obi, ọmọ Íbò, borí ní Èkó, ojú àwọn ènìyàn yí padà ní àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, March 18, ọjọ́ ìbò gómìnà, Mama Nkechi jáde láàárọ̀ pẹ̀lú káàdì ìdìbò rẹ̀ nínú báàgì. Àwọn ọmọkùnrin kan dúró sí ẹnu òpópónà wa. Mo mọ ìyá àwọn méjì nínú wọn. Wọ́n ní kó padà sílé, pé bí kò bá ní dìbò bí àwọn ṣe fẹ́, kó máa lọ sùn. Ó wo òkè. Ó wo fèrèsé mi, ó sì rí mi. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Bí mo bá pe orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, wọn ì bá gbọ́, èmi ni mo ń po àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún wọn ní kékeré. Mo fa kọ́tìnì.

Ìrẹsì tí àwọn olóṣèlú pín wà nínú ilé ìdáná mi lọ́jọ́ yẹn. Mo gbà á. Mo sè é. Ìwọ náà jẹ nínú rẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kó lọ. Ó wá dágbére, ó fún mi ní ìkòkò ńlá rẹ̀, ó ní ó ti wúwo jù fún òun. Mi ò tíì lè gbé e kaná.

Nítorí náà, nígbà tí o ń rẹ́rìn-ín nínú fídíò yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bá ọ wí. Ohun tí o fi ẹnu sọ, èmi ti fi kọ́tìnì sọ ọ́. Ibo lo ti kọ́ ọ bí kò ṣe lọ́dọ̀ mi? Ṣùgbọ́n màá bá ọ wí, nítorí pé bí èmi kò bá bá ọ wí, ta ni yóò ṣe é? Ìwà tí o hù yẹn burú. Ó burú, Àkànbí. Obìnrin yẹn ló sanwó kí o tó lè ké.

Gbé fídíò náà kúrò. Ti orúkọ ọkùnrin yẹn, ìbẹ̀rù ni mo fi ń bẹ̀ ọ́, mi ò purọ́. Bí ọjọ́ kan bá dé tí o fi ojú ara rẹ rí ìwé, tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ, mi ò mọ ohun tí màá sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, bóyá màá sunkún. Ti Mama Nkechi kì í ṣe ìbẹ̀rù. Lọ wá a. Àbẹ̀kẹ́ ní Ajégúnlẹ̀ ló wà báyìí. Mú mi dání bí o bá ń lọ, nítorí mi ò lè dá lọ.

Ti epo àti owó oṣù, padà lọ sọ ọ́. Sọ iye tí o wọ danfo láti Bàrígà dé Ọbálẹ́ndé. Mo kọ̀wé yìí kí n lè pa ọ́ lẹ́nu mọ́, ọwọ́ mi kò gbà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bákan náà. Láti Ọjọ́bọ̀, pálọ̀ ni mò ń sùn, mo tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kí ó lè jẹ́ pé èmi ni màá kọ́kọ́ gbọ́. Àbẹ̀kẹ́ rò pé ooru ló lé mi jáde ní yàrá.

Mo di ẹ̀wà àti dòdò sínú ṣágo tí Àbẹ̀kẹ́ gbé dání. Wá lọ́jọ́ Àìkú. Bó bá pẹ́ kí o tó dé, tí ilẹ̀ ti ṣú, má kan ilẹ̀kùn. Dúró nísàlẹ̀ kí o pè mí lórúkọ, màá mọ̀ pé ìwọ ni.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.