Wọ́n Fi Àpótí Bo Àwọn Erékùṣù Tó Múlé Tì Wá

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé tí àwọn ọmọ wa ń lò nílé ẹ̀kọ́ bóyá wọ́n tilẹ̀ ń ka ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Nínú ìwé jọ́gíráfì tí ọmọ-ọmọ mi gbé wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú ibi tó yẹ kí São Tomé, Príncipe àti Annobón, àwọn erékùṣù inú òkun tó wà ní gúúsù ilẹ̀ wa, wà nínú àwòrán ilẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ àpótí funfun kan lé, èyí tó ń ṣàlàyé pé àwọ̀ ewé ni igbó, àwọ̀ ìyeyè sì ni ọ̀dàn. Gbogbo òkun apá òsì ṣófo gbalaja, orí àwọn erékùṣù yìí ni wọ́n ti wá rí àyè.

Ká ní àwòrán nìkan ni, ǹ bá dákẹ́. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo tí ìwé náà kọ nípa wọn àti Bioko, erékùṣù kẹrin wọn, sọ pé àwọn Potogí bá onílẹ̀ ní erékùṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ń bá wọn ṣòwò. Bioko nìkan ni wọ́n ti bá onílẹ̀, ìyẹn àwọn Bubi. Òkè ayọnáyèéfín ló bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóòótọ́, orí ìlà kan náà pẹ̀lú Òkè Kamẹrúùnù ni wọ́n sì tò sí, àmọ́ nǹkan bíi kìlómítà 32 péré ni Bioko sí etíkun Kamẹrúùnù, omi àárín wọn kò sì jìn. Inú ibú ni àwọn mẹ́ta yòókù ti yọrí. São Tomé tó nǹkan bíi kìlómítà 250 sí Gabon, àwọn Potogí tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1470 kò sì bá ẹnikẹ́ni.

Wọ́n kó ènìyàn lọ síbẹ̀ ni. Ní ọdún 1493, Álvaro de Caminha, Potogí tí ọba Pọ́túgà fún ní àkóso erékùṣù náà, kó àwọn ọmọ Júù tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ òbí wọn ní Pọ́túgà lọ sí São Tomé, púpọ̀ nínú wọn sì kú. Ẹrú láti ìjọba Bìní àti láti Kóńgò ni wọ́n fi dá oko ìrèké, títí Amador, tí òun náà jẹ́ ẹrú, fi kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde ní ọdún 1595. Ìwé tó bá sọ fún ọmọdé pé onílẹ̀ ni wọ́n bá ṣòwò níbẹ̀ ti pa gbogbo àwọn wọ̀nyí rẹ́. Ta ló kà á kó tó fọwọ́ sí i? Àwọn ọ̀gá wa mọ São Tomé dáadáa nígbà tí ọ̀rọ̀ kan epo: ọdún 2001 ni ìjọba Nàìjíríà àti ti São Tomé ṣe àdéhùn lórí òkun tó pààlà wọn. Ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni kò kàn wọ́n.

Kí wọ́n kó ìwé náà kúrò nílẹ̀. Kí wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ jù ni kí a ya òkun yìí gàdàgbà sára ògiri kíláàsì, láti Èkó títí dé Annobón. Kí búlúù omi tí kò jìn fúyẹ́, kí ti ibú dúdú kirikiri, kí ọmọ lè fojú ara rẹ̀ rí ìdí tí Bioko fi yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Kí wọ́n kọ gíga òkè kọ̀ọ̀kan sí i lára: mítà 4,095 fún Òkè Kamẹrúùnù, 3,011 fún Bioko, 2,024 fún São Tomé. Kí wọ́n fa ìlà agbedeméjì ayé gba orí Rolas, erékùṣù kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ São Tomé, kí wọ́n sì fi ọfà pupa tọ́ka ibi tí wọ́n ti kó ẹrú wá. Àwọn tó ń kọ pátákó ládùúgbò wa lè ṣe é tí a bá fún wọn ní àwòrán tó péye. Owó ọ̀dà kò ju agbára ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lọ, màá sì san ti ilé ẹ̀kọ́ tó bá kọ́kọ́ yọ̀ǹda ògiri.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.